Ògiri tí ibojì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bí a ṣe fi ìpìlẹ̀ tuntun sábẹ́ ilé kan ní Ìkòròdú

Ilé náà wà lápá ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀, ní Ìkòròdú. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni, búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì 9, dẹ́kìn kan, òrùlé páànù. Ẹbí kan náà ló ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí bàbá wọn ti kọ́ ọ, àwọn ayálégbé sì wà ní yàrá iwájú. Bí ẹ bá dúró lójú títì wò ó, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀yìn lọ̀rọ̀ wà. Igun ọwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn ń rì. Ògiri ti là láti abẹ́ wíńdò ìsàlẹ̀ gòkè lọ, ó ń gba ojú ìsopọ̀ búlọ́ọ̀kù kan dé òmíràn, ìka ọwọ́ sì wọ ibi tó fẹ̀ jù. Wọ́n ti fá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn títí, síbẹ̀ kò tì. Bí wọ́n bá ń fọ ilẹ̀, igun yẹn ni gbogbo omi ń darí sí.

Kí wọ́n tó pè wá, bíríkìlà méjì ti fọwọ́ kàn án. Ẹni àkọ́kọ́ fi símẹ́ǹtì dí ojú tó là, ó sì kùn ún. Òjò tó tẹ̀ lé e kò tíì dá tó fi là padà lójú kan náà. Ẹnì kejì ní ilé fẹ́ alátìlẹ́yìn. Ó da pílà kọnkéré méjì ti ògiri láti ilẹ̀ dé dẹ́kìn, ó fi irin sí wọn dáadáa, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Àmọ́ orí ilẹ̀ tó ń rì náà ló gbé wọn kalẹ̀ sí, ẹrù ló kàn bù kún ẹrù. Pílà rì, ó sì fa ògiri dání.

Kò sí èyí tó gbẹ́ ihò wo ilẹ̀ nínú wọn. A gbẹ́ mẹ́ta. Níwájú ilé, ilẹ̀ pupa líle ni a bá, dígà ń dún lórí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, níbi tó kù díẹ̀ ká dé ẹ̀yìn, bákan náà ni. Ní igun tó ń rì, ọ̀tọ̀ ni ohun tó jáde: náílọ́ọ̀nù, eérú, ìgò, àkísà, ilẹ̀ dúdú tó ń rùn, títí dé mítà 2.4 kí ilẹ̀ pupa tó yọjú. Ìpìlẹ̀ ilé fúnra rẹ̀ kò jìn ju mítà 0.75 lọ. Bàbá àgbà kan ládùúgbò wá sọ ohun tí ìwé ilẹ̀ kò sọ: "Ibẹ̀ yẹn ni típà ti ń kó yẹ̀pẹ̀ láyé ijọ́un. Kòtò ńlá ni. Gbogbo wa la jọ da ìdọ̀tí sí i kó tó kún." Ẹni tó bá mọ Ìkòròdú mọ̀ pé ilẹ̀ pupa wa dára fún ọ̀nà ṣíṣe, ibi tí wọ́n ti wú u sì pọ̀. Wọ́n dí kòtò náà tán, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n gé e ní púlọ́ọ̀tì. Ilé yìí gbé ẹsẹ̀ kan sórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí, ó gbé èkejì sórí ààtàn.

Bí gbogbo ilé bá jọ rì bákan náà, ó lè má là. Ibi tí apá kan dúró tí apá kejì ń lọ ni ògiri ti ń ya. Ìdí nìyẹn tí fífi irin tàbí símẹ́ǹtì kún ara ògiri kò fi ran irú èyí lọ́wọ́. A ní láti lọ bá ilẹ̀ pupa níbi tó wà, kí a mú ìpìlẹ̀ lọ bá a.

Wọ́n bi wá pé ṣé a kò lè gbá páìlì, àwọn òpó gígùn tí ẹ̀rọ ń gbá wọ inú ilẹ̀. Ààyè tó wà láàárín ilé àti fẹ́ǹsì kò gba ẹ̀rọ, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ kò sì dára fún ògiri tó ti là. Fífa símẹ́ǹtì olómi sínú ilẹ̀ náà kò wúlò, torí pé ìdọ̀tí ṣì ń jẹrà. Ohun tó kù ni gbígbẹ́ ihò kéékèèké sábẹ́ ìpìlẹ̀ títí dé ilẹ̀ líle, kí a da kọnkéré sínú rẹ̀, kí a wá fún ojú tó kù láàárín kọnkéré tuntun àti ìpìlẹ̀ àtijọ́ pa. Iṣẹ́ tó ti pẹ́ láyé ni. Kọnkéré dídà kọ́ ló le níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ gba ẹrù lórí alágbàárù sórí ẹlòmíràn, kò gbọ́dọ̀ sí ìgbà kankan tí ẹrù yóò wà lófuurufú, ẹni tó ń gbà á sì gbọ́dọ̀ ti na ọrùn le kí ẹni tó ń sọ ọ́ tó yọ orí. Gbogbo wàhálà ilé yìí, ìgbà tí ẹrù ń ti ibì kan lọ síbì kejì ló ti ṣẹlẹ̀.

Ògiri òde kò fún wa ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. A pín in sí abala oní-mítà 1, a fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí i. Abala tó fara kan ara wọn, a kì í ṣí méjì lẹ́ẹ̀kan, ibi tí kò sì ní nǹkan lábẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ògiri lọ. A gbẹ́ dé mítà 2.7 kí ìsàlẹ̀ lè wọ inú ilẹ̀ pupa dáadáa. A da kọnkéré, a fi àlàfo íǹṣì 3 sílẹ̀ lókè. Nígbà tó le tán, a fi símẹ́ǹtì 1 sí iyanrìn 3, tí omi rẹ̀ kò ju kó kàn dì mọ́ra lọ, gbá àlàfo náà pẹ̀lú igi àti òòlù. Àwọn lébìrà máa ń fẹ́ kí ó rọ̀ kó lè wọlé kíá. Èyí tó rọ̀ yóò sún kì bó bá gbẹ, àlàfo tí a rò pé a ti dí yóò sì ṣí padà. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a lẹ gíláàsì wíńdò tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ àwọn ojú tó là, a kọ ọjọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gíláàsì kì í fà, fífọ́ ló mọ̀. A sì ń fi rọ́bà omi tí bíríkìlà fi ń mú lẹ́fẹ̀ẹ̀lì wo ògiri láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, láti ojú àmì kan tó wà níwájú ilé níbi tí ilẹ̀ ti dúró.

Ó wá ku ògiri inú.

Ògiri náà ti ara ògiri òde ọ̀tún wọlé, ó gùn ní mítà 3.6, ó pín yàrá ìyá àti pálọ̀ ẹ̀yìn níyà. A ṣírò ohun tó ń gbé: búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ àti tòkè, dẹ́kìn láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àti òrùlé. Ó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 6 lórí mítà kan. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí a fọ́ Jámánì flọ́ọ̀, kọnkéré ilẹ̀ yàrá, láti inú pálọ̀, kí a gbẹ́ ihò bí a ti ṣe níta. Ṣùgbọ́n ibojì bàbá wà nínú pálọ̀ náà, tí wọ́n fi táìlì funfun bò, kò jìnnà sí ògiri rárá. Ìyá gbọ́ tiwa tán, wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣe bó ṣe wù yín níta. Ẹni tó sùn síbí, ẹ má jẹ́ kí dígà ẹnikẹ́ni kàn án." Dáwódù mú wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀ wá pé kí a má tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níwájú wọn. Àwa náà kò ní ìdí tí a ó fi dá a sílẹ̀. Ìyá ló ni yàrá kejì, ara wọn kò sì fẹ́ kí a fọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n gbà láti lọ sùn lọ́dọ̀ ọmọbìnrin wọn ní Sábó títí iṣẹ́ yóò fi parí, bí ilẹ̀ yàrá bá ti lè dúró bó ti wà.

Ibi tí ẹ kò bá ti lè ti òkè wọlé, ẹ̀gbẹ́ lẹ ó gbà. Èkó kò ní rélùwéè abẹ́lẹ̀. Rélùwéè Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023 àti Red Line tó tẹ̀ lé e ní 2024, orí ilẹ̀ àti orí afárá ni wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú tó ní i ti bá irú ìṣòro yìí pàdé níbi tó tóbi. Ní Boston, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń mú ọ̀nà mọ́tò gba abẹ́ ibùdó rélùwéè abẹ́lẹ̀ tí àwọn náà ń pè ní Red Line, ní South Station, ibùdó tó ti wà láti 1916, wọn kò lè ti òkè ṣí i. Ihò tóóró ni wọ́n gbẹ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n da kọnkéré sínú wọn di ìpìlẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì ń kérò lọ lókè. Tiwa kéré sí i lọ́nà tó pọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni: láti inú ihò tó wà níta ògiri ọ̀tún, kí a wọ abẹ́ yàrá ìyá lọ ní ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ ògiri inú, ní òdìkejì ibojì, kí a ti inú ọ̀nà yẹn ya sábẹ́ ògiri ní ibi mẹ́rin, kí a da òpó kọnkéré mẹ́rin, kí a wá dí ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún bọ̀ síta.

Ta ni yóò gbẹ́ ẹ? Bíríkìlà kò mọ inú ilẹ̀. Àwọn agbẹ́kànga la lọ bá. Àwọn ló mọ bí ilẹ̀ ṣe ń kìlọ̀ kó tó ya, wọ́n sì lè fi dígà ọwọ́ kúkúrú ṣiṣẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Olórí wọn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Kànga, wo ihò ògiri òde, ó fi àtàńpàkò tẹ ilẹ̀ dúdú náà, ó ní iye tí a dá fún iṣẹ́ náà kò tó. Òótọ́ ló sọ, a sì fi kún un.

Ohun méjì ni a kò gbà fún wọn. Èkíní, wọ́n fẹ́ tan àbẹ́là wọlé láti fi wò bóyá afẹ́fẹ́ wà, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú kànga. Nínú ilẹ̀ pupa mímọ́, ẹ lè jiyàn lórí rẹ̀. Nínú ìdọ̀tí tó ń jẹrà, gáàsì mẹ́téènì lè wà, iná àbẹ́là tó láti mú un gbiná. Fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rọ́bà fífẹ̀ wọlé ni a lò látìbẹ̀rẹ̀ dópin, iná tọ́ọ̀ṣì nìkan ló sì wọ inú ihò. Èkejì, ọmọkùnrin kan ti ń gbé pọ́ńpù onípẹtiróòlù bọ̀ láti sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ihò nítorí omi díẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Bàbá Kànga fúnra rẹ̀ ló ké mọ́ ọn kí àwa tó lahùn. Èéfín ẹ́ńjìnnì ní carbon monoxide, kò lóòórùn, kò sì ní ibi tí yóò gbà jáde nínú ihò. Ó ti pa àwọn agbẹ́kànga tí ẹ̀yin náà gbọ́ ìròyìn wọn. Pọ́ńpù dúró lókè, jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà sí ẹnu ihò, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti gbé èéfín rẹ̀ wá.

Kí dígà tó wọlé, a fi ọ̀pó irin ti dẹ́kìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ògiri kí ẹrù orí rẹ̀ lè dín kù. Àwọn ọ̀pó tó wà nínú yàrá ìyá kò lè dúró lórí ilẹ̀ tí a fẹ́ sọ di ihò, nítorí náà a gbé wọn lé igi gbọọrọ tó ré ọ̀nà abẹ́lẹ̀ náà kọjá sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀nà náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, ènìyàn kan ṣoṣo ló lè kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ìdajì mítà, wọn kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ síwájú mọ́ títí férémù igi yóò fi dúró, tí pákó yóò wà lórí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a ó ti gbá igi ṣóńṣó sẹ́yìn pákó kó lè fún mọ́ ilẹ̀. Pákó tó kàn fara ti ilẹ̀ lásán kò di nǹkan kan mú. Ilẹ̀ yóò kọ́kọ́ sún wá bá a, sísún yẹn sì ni ògiri yóò bá lọ.

Oṣù kẹta ni, ọ̀nà ti wọlé dáadáa, nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ọdún rọ̀ lóru. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì gíláàsì ara ògiri inú ti fọ́. Nínú ihò, omi eléérú ń yọ láti ojú ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́, ó ń fa ilẹ̀ wẹ́wẹ́ dání bọ̀. A dá iṣẹ́ dúró, a fi pákó dí ojú ibẹ̀, a to àpò iyanrìn tì í. Gbogbo ènìyàn ní òjò ni. Ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́kànga bu omi náà sínú ọwọ́, ó fi ọwọ́ rà á, ó hó. Omi òjò kì í hó. Omi ọṣẹ ni.

A gòkè lọ sí bálùwẹ̀ òkè, a da omi tí a fi búlúù aláró pò sínú ihò rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí búlúù fi dé ìsàlẹ̀. Páìpù tó ń gbé omi ìwẹ̀ lọ sí sọ́káwéè ti já níbi tó ti kọjá lábẹ́ igun tó ń rì. Ilé rì, páìpù já. Páìpù já, omi wọ ààtàn, ilé tún rì sí i. Ọdún mélòó ni èyí ti ń lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀. Òjò kàn fi kún ohun tó ti wà nílẹ̀ ni. A ti bálùwẹ̀ náà pa, a mú páìpù tuntun gba ara ògiri òde níbi tí ojú lè rí i, a sì dúró kí ilẹ̀ gbẹ kí ọwọ́ tó padà sí dígà. Ẹbí kùn nítorí ìdádúró náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti parí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìrí páìpù yẹn, omi ì bá máa bá ìyókù ilé jà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó kọ́kọ́ da aró sínú gbogbo páìpù ilé kó tó gbẹ́ ohunkóhun.

Ibi kejì tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni orí òpó. Ká ka òpó láti ẹnu ọ̀nà wọlé, 1 sí 4. Òpó 2 ni a kọ́kọ́ ṣe, lọ́nà tí a ti gbà ṣe tòde: kọnkéré, àlàfo, símẹ́ǹtì gbígbẹ. Rọ́bà omi sọ fún wa pé ògiri sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 3 sí i kó tó jókòó lé e. Níta, irú èyí kò ṣẹlẹ̀, torí pé ìsàlẹ̀ ihò gbẹ. Nínú, omi ọṣẹ ti rọ ojú ilẹ̀ pupa díẹ̀. Òpó fúnra rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè gbé nǹkan, bí ògiri bá sì jẹ́ ohun tí yóò fi tẹ ilẹ̀, ògiri ni yóò san owó rẹ̀.

Àwọn ẹ̀ńjínníà tó ń gbé ilé ró nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ọ̀nà rélùwéè abẹ́lẹ̀ ní New York láàárín ọdún 1910 sí 1920, Lazarus White wà lára wọn, ti rí ọ̀nà àbáyọ sí i: kí jáàkì kọ́kọ́ tẹ òpó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára tó tó ẹrù tí yóò gbé, kí a sì fi irin há a kí agbára náà má bàa jò lọ. Ohun tí a ṣe láti òpó 4 síwájú nìyẹn. A fi àlàfo tó tó ẹsẹ̀ bàtà 1 sílẹ̀ lórí òpó, a gbé páànù irin tó nípọn sókè àti sísàlẹ̀, a fi jáàkì méjì sáàárín, ọ̀kan nínú wọn ní géèjì tó ń fi agbára tó ń tẹ̀ hàn. A ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan ń wo géèjì, ẹnì kan ń wo rọ́bà omi nínú pálọ̀. Òpó rì ní mìlímítà mélòó kan, ògiri kò mira. Nígbà tó dé tọ́ọ̀nù 5 àti díẹ̀, ẹrù tó kan abala tirẹ̀ nínú ògiri, a dúró. A kò fẹ́ gbé ògiri sókè. Ẹni tó bá ń fi jáàkì wá bí ojú tó là yóò ṣe padé, ibòmíràn ni yóò là fún un. A fi gígé irin kúkúrú méjì há àárín, a gbá páànù tẹ́ẹ́rẹ́ sí wọn lórí kí wọ́n fún, a yọ jáàkì, a sì da kọnkéré bo gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni 1, lẹ́yìn rẹ̀ ni 3. A padà sórí òpó 2, a gbẹ́ símẹ́ǹtì orí rẹ̀ jáde, a ṣe é bákan náà. Jáàkì ọkọ̀ tírélà lásán ni wọ́n, ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo mẹkáníìkì tó wà ní gáréèjì. Owó kọ́ ló ń dí wa lọ́wọ́ láti lò ó.

Nígbà tí òpó pé, a fi kọnkéré tí símẹ́ǹtì rẹ̀ kò pọ̀ dí ọ̀nà abẹ́lẹ̀ náà láti inú lọ́hùn-ún bọ̀. A ń yọ àwọn igi bí a ṣe ń bọ̀ níbi tí ó ṣeé yọ. Èyí tí yíyọ rẹ̀ yóò da ilẹ̀ sílẹ̀, a fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ibi tó ṣòro jù ni láti mú kọnkéré kan orí, lábẹ́ Jámánì flọ́ọ̀ gan-an. A fi páìpù sílẹ̀ lókè, a fa símẹ́ǹtì olómi gba inú rẹ̀ títí ó fi ń yọ ní òdìkejì.

Ẹ má gbé gbogbo èyí lọ sí ibi gbogbo bó ti wà. Ilẹ̀ tí a bá lókè lọ́hùn-ún, ọ̀sà jìnnà sí i. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Májídùn, Ìbẹ̀ṣẹ̀ tàbí Ìpakodò, omi lè pàdé yín kí ẹ tó dé mítà 1. Bí ẹ bá ń fa omi jáde níbẹ̀, iyanrìn yóò máa bá a jáde láti abẹ́ ilé gan-an tí ẹ fẹ́ gbà là. Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe rán omùwẹ̀ kan, William Walker, sábẹ́ kàtídírà Winchester ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1906 sí 1911, tó ń fi ọwọ́ to àpò kọnkéré nínú òkùnkùn omi, kí wọ́n tó lè fa omi jáde láìsí ewu. Létí ọ̀sà, páìlì tàbí kí a má ṣe é rárá. Ibikíbi tó bá sì jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ jẹ́ kí LASBCA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́ níbẹ̀, mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ìpìlẹ̀ ilé tí ènìyàn ń gbé, kí ẹ̀ńjínníà tó ní ìwé àṣẹ sì fọwọ́ sí àwòrán.

A kò tètè dí àwọn ojú tó là. A lẹ gíláàsì tuntun mọ́ wọn, a fi wọ́n sílẹ̀ kí òjò ọdún yẹn rọ̀ kọjá. Ìyá ti padà sí yàrá wọn nígbà náà, àwọn fúnra wọn ló ń yẹ gíláàsì wò láàárọ̀, wọ́n á ní kí ọmọ-ọmọ wọn fi fóònù yà á ránṣẹ́ sí wa. Kò sí èyí tó fọ́. Ẹ̀yìn òjò ni a tó há irin sí ojú tó là, tí a lẹ̀ ẹ́, tí a sì fọ́ pílà méjèèjì tí wọ́n ti dà tì í tẹ́lẹ̀. Káfíńtà ní láti kan igi mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí wọ́n ti fá.

Dáwódù gba àwòrán tó fi ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan wà àti bó ṣe jìn tó hàn, ó fi í mọ́ ìwé ilẹ̀. A kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé kí wọ́n má gbẹ́ sọ́káwéè tàbí kànga sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ilé mọ́. Fẹ́ǹsì aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ti ń tẹ̀ díẹ̀, orí kòtò kan náà lòun náà wà. A sọ fún wọn. Wọ́n ní àwọn yóò pe bíríkìlà.